Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ajá Tí Làkúrègbé Kò Jẹ́ Kó Rìn Dáadáa

Nígbà tí ajá ńlá bá ti ń lọ sí ọdún 7 tàbí 8, tí kò fẹ́ gun àtẹ̀gùn mọ́, ọ̀pọ̀ àwọn tó ni ín a ní àgbà ló dé sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ orí lásán ló ń dá ajá náà dúró, ìrora ni, ìrora sì ní ìtọ́jú. Àwọn ajá bíi German shepherd, rottweiler àti boerboel, tí a sábà máa ń fi ṣọ́ ilé, ni làkúrègbé, ìyẹn ìrora oríkèé, máa ń bá jà jù, nítorí pé oríkèé ìbàdí ọ̀pọ̀ wọn kò wọnú ara wọn dáadáa láti kékeré. Ohun rírọ̀ tó bo orí egungun yóò máa jẹ díẹ̀díẹ̀, títí egungun yóò fi máa ha egungun.

Ajá kì í sábà ké nítorí ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ẹ máa wò ó láàárọ̀ nígbà tó bá ń dìde: yóò fi ẹsẹ̀ iwájú fa ara rẹ̀ sókè, ti ẹ̀yìn yóò sì máa gbọ̀n. Ẹ fọwọ́ wọn itan rẹ̀ méjèèjì. Èyí tí kì í fẹ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀ yóò ti gbẹ ju èkejì lọ. Ti ológbò tilẹ̀ ṣòro mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ó lè má tiro rárá, kó kàn ṣíwọ́ fífò sórí àga.

Dókítà ẹranko ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ bá. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fún un ní oògùn èèyàn. Ibuprofen àti diclofenac a máa dá ọgbẹ́ sí ikùn ajá, wọ́n a sì máa ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Hóró parasitámọ́ọ̀lù kan ṣoṣo lè pa ológbò. Dókítà lè yẹ ẹ̀jẹ̀ ajá náà wò, kó sì kọ carprofen tàbí meloxicam, tí í ṣe oògùn ìrora, fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá ti gún un ní abẹ́rẹ́ dexamethasone (oògùn steroid) láìpẹ́, ẹ má fi pamọ́ fún dókítà, nítorí pé bí oògùn méjèèjì bá pàdé, wọ́n lè dá ikùn lu. Bó bá ń bì, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, ẹ dá oògùn náà dúró, kí ẹ sì pe dókítà lójú ẹsẹ̀.

Bó bá sanra, ẹ dín ẹ̀bà àti ìrẹsì rẹ̀ kù: ajá tó wọn kìlógíráàmù 40, tó bá fi 3 sílẹ̀, ìrìn rẹ̀ sábà máa ń já geere ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ gé èékánná rẹ̀, kí ẹ sì tẹ́ ẹní oníròbà sí ojú ọ̀nà tó ń gbà, nítorí pé táìlì tó ń yọ̀ a máa jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yà.

Ìdárayá ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù. Ẹ rẹ táwẹ̀lì sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ fún omi rẹ̀ dànù, ẹ fi kan apá tiyín wò bóyá kò gbóná jù, kí ẹ tó gbé e lé ìbàdí ajá náà fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wú kò fẹ́ ooru o, omi tútù ni tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún wà lókè. Ẹ fi ọwọ́ kan gbé itan ró nítòsí orúnkún, ẹ fi èkejì di ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ mú, kí ẹ tì í síwájú wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ sì dá a padà sẹ́yìn, nígbà 10. Ojú rẹ̀ ni kí ẹ máa wò: bó bá ń fi ahọ́n lá ètè, tó le ara, tàbí tó yíjú wo ọwọ́ yín, ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí, ẹ má ṣe fi agbára kọjá a. Bó bá ti lè dìde fúnra rẹ̀, ẹ mú ẹran díẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹ jẹ́ kó jókòó kó sì dìde nígbà 5 lórí ẹní. Èyí ló ń dá ẹran itan padà.

Ìrìn ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ sàn ju wákàtí kan lọ́jọ́ Sátidé. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá ń yẹ̀, ẹ gba táwẹ̀lì gígùn abẹ́ ikùn rẹ̀ kọjá nítòsí itan, kí ẹ di etí táwẹ̀lì náà méjèèjì mú lókè, kí ẹ sì máa bá a rìn. Èyí tí kò lè dìde rárá, ẹ máa yí i padà ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, kí egbò má baà dá sí ìgbọ̀nwọ́ àti ìbàdí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá kú lójijì, tàbí tí kò lè tọ̀, ẹ má ṣe wọ́ ọ, ẹ má sì fọwọ́ ra á. Ẹ rọra gbé e sórí pákó pẹrẹsẹ, kí ẹ sì gbé e dé ilé ìwòsàn ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé ọ̀pá ẹ̀yìn lè ti ní ìpalára, wákàtí díẹ̀ sì lè pinnu bóyá yóò tún rìn.