Ẹ Má Tíì Ra Lésà Ńlá: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Iṣẹ́ Átọ́ọ̀mù Tútù

Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ọ̀dọ́ onímọ̀ físíìsì tí ó kó gbogbo owó ìwádìí rẹ̀ lé lésà alágbára, nígbà tí àpótí irin tí yóò dẹ pàkúté átọ́ọ̀mù sí (ìyẹn ìmọ́lẹ̀ lésà àti agbára máágínẹ́ẹ̀tì tí a fi ń dá átọ́ọ̀mù dúró kí ó lè tutù) kò tíì mọ́. Fún pàkúté rúbídíọ̀mù, lésà nánómítà 780 tí agbára rẹ̀ jẹ́ mílíwáàtì 50 ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Èkíní, ẹ má fi ojú kékeré wo òfìfo inú àpótí. Kí àwọn onímọ̀ físíìsì Eric Cornell àti Carl Wieman tó mú rúbídíọ̀mù tutù dé nǹkan bí nánókélífìnì 170 (ó kù díẹ̀ kí ó dé òtútù tí kò sí èyí tó tún tutù jù ú lọ) ní Boulder ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1995, wọ́n ní láti máa lé àwọn átọ́ọ̀mù tí ó gbóná jù jáde kí ìyókù lè tutù. Iṣẹ́ yìí ń gba àkókò, ẹyọ mólékù afẹ́fẹ́ kan tí ó bá sì kọlu átọ́ọ̀mù yín lè gbá a jáde kúrò nínú pàkúté. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ fa afẹ́fẹ́ inú àpótí dé agbègbè 10⁻¹¹ torr (torr ni a fi ń wọn ìfúnpá afẹ́fẹ́). Ẹ má fi ọwọ́ lásán kan ohun tí yóò wọ inú rẹ̀. Ẹ má sì kánjú pa iná tí ẹ fi ń yan àpótí náà kí ó lè gbẹ, nítorí omi tí ó lẹ̀ mọ́ ara irin kì í tètè jáde.

Èyí tí ó ń bí mi nínú jù ni ti síkúrù. Bí ẹ bá de síkúrù lásán sínú ihò tí kò yọ sí òdìkejì, afẹ́fẹ́ yóò há sí ìdí rẹ̀, yóò sì máa gba àárín eyín síkúrù jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Mo bá àwọn kan níbi tí wọ́n ti ń fẹ́ gáàsì hílíọ̀mù sí gbogbo oríkèé àpótí wọn láti wá ibi tí ó ń jò. Ẹ̀rọ tí ń wá hílíọ̀mù nínú àpótí kò rí nǹkan kan, nítorí pé inú ni afẹ́fẹ́ náà ti ń wá. Wọ́n ra pọ́ǹpù tí ó tóbi jù, òfìfo kò dára sí i. Ìgbà tí a tú àpótí náà ni a rí síkúrù mẹ́rin tí kò ní ihò láàárín. Síkúrù tí a lu ihò sí láti orí dé ìdí kò wọ́n rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù.

Èkejì, láìsí lésà kejì tí ń dá átọ́ọ̀mù tí ó bọ́ sí ipò tí lésà àkọ́kọ́ kò ti lè mú un padà sẹ́nu iṣẹ́, pàkúté yóò ṣófo.

Agbára máágínẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ ayé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdajì gauss péré, ń ba ìtutù jẹ́; ẹ fi wáyà tí a ká pa á ní ìhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bákan náà, ẹ má ya àwòrán ìkuukùu átọ́ọ̀mù nígbà tí ó ṣì ki, nítorí ìmọ́lẹ̀ kò ní lè gbà á kọjá dáadáa, iye tí ẹ ó kà yóò sì kéré sí òtítọ́. Ẹ má sì gba ohun tí ìwé lẹ́ńsì sọ nípa bí àwòrán ṣe tóbi tó: ẹ jẹ́ kí átọ́ọ̀mù já bọ́, kí kámẹ́rà máa wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ní oríṣiríṣi àkókò, agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan wálẹ̀ ni yóò sì fi iye máíkírómítà tí píséélì kan (ẹyọ tóótó kan nínú àwòrán) jẹ́ hàn yín.