DEG, RAD, GRAD: bí a ṣe ń yí ìwọ̀n igun padà lórí kakulétọ̀ kọ̀ǹpútà

Ẹ tẹ 30, lẹ́yìn náà ẹ tẹ sin. Bí 0.5 bá jáde, dígírì ni kakulétọ̀ yín ń lò. Bí ó bá jẹ́ -0.98803, rédíànì ni. Bí ó bá jẹ́ 0.45399, ẹnì kan ti gbé e sórí GRAD. Ìdánwò yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lọ, ó sì yẹ kó ṣáájú iṣẹ́ èyíkéyìí tó bá ní sin, cos tàbí tan (àwọn ìṣírò tó so igun pọ̀ mọ́ gígùn ẹ̀gbẹ́) nínú, pàápàá lórí kọ̀ǹpútà tí ọwọ́ púpọ̀ ń kàn. Ní àwọn káfè agbègbè Ọláìyá ní Òṣogbo níbí, akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe calculus láàárọ̀ lè ti fi RAD sílẹ̀ de ẹni tó fẹ́ ṣírò òrùlé lọ́sàn-án.

Bí a bá yí òbìrí po lẹ́ẹ̀kan, 360 dígírì ni, 400 grad ni, 2π rédíànì sì ni, ìyẹn nǹkan bíi 6.2832. Rédíànì kan jẹ́ 57.29578 dígírì, grad kan jẹ́ 0.9 dígírì péré. Ẹ fi ti 0.9 yẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

Windows ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows, ẹ kọ calc, ẹ tẹ Enter. Bó bá jẹ́ Standard ló ṣí, ẹ kò ní rí sin, ẹ kò sì ní rí DEG. Ẹ tẹ ìlà mẹ́ta tó wà lókè lápá òsì, ẹ yan Scientific, tàbí kí ẹ di Alt mú kí ẹ tẹ 2. Lábẹ́ ibi tí nọ́ńbà ti ń hàn, lápá òsì, bọ́tìnnì kékeré kan wà tí a kọ DEG sí, F-E sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí a kọ sójú rẹ̀ ni ẹ̀rọ ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó di RAD. Ẹ tún un tẹ̀, ó di GRAD. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó padà sí DEG.

Ibí yìí ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wà lórí RAD, tó fẹ́ padà sí dígírì, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á sì yíjú kúrò, ó gbà pé òun ti dé ilé. GRAD ló dé. Nítorí náà kíbọ́ọ̀dù dára ju máòsì lọ fún iṣẹ́ yìí: F3 ń gbé yín lọ sí DEG tààrà, F4 sí RAD, F5 sí GRAD, ibi yòówù kí ẹ ti ń bọ̀. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká, F3 lè máa dín ohùn kù tàbí kó máa ṣe nǹkan mìíràn. Ẹ di Fn mú kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ wo bí èyí ṣe lè ba iṣẹ́ jẹ́. Ká ní ilé kan fẹ̀ ní mítà 8, káfíńtà sì fẹ́ kí ṣóńṣó òrùlé fi mítà 1.5 ga ju orí ògiri lọ. Ìdajì ilé jẹ́ mítà 4. Ẹ ṣe 1.5 ÷ 4, ẹ tẹ =, 0.375 jáde. Ẹ ṣí Trigonometry (inú rẹ̀ ni sin, cos àti tan wà), ẹ tẹ 2nd, ẹ mú tan⁻¹: igun òrùlé jẹ́ dígírì 20.556. Igi tó dagun láti orí ògiri dé ṣóńṣó, láìka èyí tó máa yọ síta, ni 4 tí a fi cos 20.556 pín: mítà 4.272. Bí ẹ bá ṣe ìpín yìí lórí RAD, -29.58 ni yóò jáde, ẹnikẹ́ni á sì rí i pé nǹkan ti wọ́. Àmọ́ lórí GRAD, mítà 4.218 ló máa jáde, torí 0.9 tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn yẹn kò jìnnà sí 1. Ta ló máa fura sí ìyẹn? Ó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5.4 kúrú, ìgbà tí wọ́n bá gé gbogbo igi tán ni wọ́n tó máa mọ̀ pé kò débẹ̀. Àwọn awọnlẹ̀ kan nílẹ̀ Faransé ń lo grad ní tiwọn. Fún òrùlé tiwa níbí, kò sí ohun tó kàn wá pẹ̀lú rẹ̀.

Lórí Windows, nọ́ńbà ló ń ṣáájú, sin tàbí cos ló ń tẹ̀ lé e. Ẹ wo ìlà kékeré tó wà lókè èsì: bí ó bá jẹ́ dígírì, òdo kékeré kan máa wà lẹ́sẹ̀ sin, bí ó bá jẹ́ rédíànì, r kékeré ni. Bí èsì bá ti jáde, yíyí DEG padà kò ní tún un ṣe. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ìṣírò náà látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì tẹ hyp láìmọ̀ọ́mọ̀: sinh àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í gbọ́ ti DEG tàbí RAD rárá. Bí tan 90 bá mú Invalid input wá lórí DEG, ẹ̀rọ yín kò bàjẹ́, tan 90 dígírì ni kò ní iye.

Ẹni tó bá fẹ́ ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá igun, ẹ ṣí Function kí ẹ tẹ →dms. 20.556045 á di 20.3321 àti díẹ̀ sí i. Ẹ kà á sí dígírì 20, ìṣẹ́jú 33, ìṣẹ́jú-àáyá 21 àti díẹ̀. Ẹ má tún fi nọ́ńbà yìí ṣe cos o, àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ fi →deg dá a padà.

Ní ti Linux tó ń lo GNOME, ẹ lọ sí Preferences nínú àkójọ kakulétọ̀, ẹ wá Angle units, ẹ yan Degrees. Ohun tí ẹ bá yàn níbẹ̀ máa ń dúró, bí iná tilẹ̀ lọ tí kọ̀ǹpútà kú. Lórí Mac, Command àti 2 ló ń ṣí Scientific. Níbẹ̀, ibi tí bọ́tìnnì máa gbé yín lọ ló ń kọ sójú: bí ẹ bá rí Rad, a jẹ́ pé dígírì lẹ wà. Òdìkejì Windows gan-an ni, ìyẹn sì máa ń da orí ẹni tó ń lo méjèèjì rú.

Excel àti LibreOffice Calc kò ní bọ́tìnnì kankan fún èyí. Rédíànì nìkan ni SIN, COS àti TAN wọn gbọ́. Ẹ kọ =4/COS(RADIANS(20.556)) fún igi òrùlé yẹn, àti =DEGREES(ATAN(0.375)) fún igun rẹ̀.