Bí mo ṣe tọ́ àwọn ọmọ SS3 sọ́nà kí wọ́n tó jáde ilé ìwé

Ọjọ́ Sátidé ni èmi àti àwọn ọmọ SS3 àdúgbò wa l'Óṣogbo máa ń pàdé, nígbà tí wọ́n bá ti lẹ́sìnnì dé. N kò bi ẹnikẹ́ni pé kí ló fẹ́ dà, torí dókítà, lọ́yà àti ẹnjiníà ni gbogbo wọn máa pè. Ohun tí mo bi wọ́n ni pé: "Iṣẹ́ wo lẹ máa ń ṣe tí kì í sú yín?" Ọmọkùnrin kan tó ti ń fi dókítà pe ara rẹ̀ ní òun lòun ń tú fóònù gbogbo ará ilé, tóun sì ń tò ó padà. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ la kọ́kọ́ yanjú. Èyí tó wà lórí NIN ni JAMB ń lò. Kí kálukú tó fi NIN rẹ̀ ránṣẹ́ sí 55019 láti gba profile code (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀ fún JAMB), a fi í wé orúkọ tí wọ́n fẹ́ lò ní WAEC, lẹ́tà lẹ́tà. A bá ọmọ kan tó jẹ́ Olúwaṣeun níbì kan, tó jẹ́ Ṣeun níbì kejì; ìyá rẹ̀ ló sáré mú un lọ sí ọ́fíìsì NIMC, àwọn tó ń ṣe NIN. Nọ́ńbà fóònù kan, ọmọ kan ni o. Ìbejì ò lè jọ lo ti ìyá wọn.

Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò JAMB. Ọ̀pọ̀ wọn ò di máòsì mú rí, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n: ìbéèrè 180, wákàtí méjì péré. Mo fi bọ́tìnnì mẹ́jọ tó ń ṣiṣẹ́ náà lórí kíbọọ̀dù hàn wọ́n: A, B, C, D fún ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti parí ẹ̀, R tí wọn ò bá tíì fẹ́ parí ẹ̀. Ara wọn balẹ̀.

Sọ́bújẹ́ẹ̀tì ló gbà wá lákòókò jù. Mẹ́rin ni JAMB ń gbà, Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan, mẹ́ta yòókù gbọ́dọ̀ bá kọ́ọ̀sì mu. Ọmọbìnrin kan fẹ́ ka Lọ́ọ̀, kíláàsì kọ́mááṣì ló sì wà. Kò ṣe Literature rí láyé rẹ̀. Mo ní kó fojú ara rẹ̀ wo ohun tí yunifásítì tó fẹ́ ń béèrè. Ó kà á, ó tún un kà. "Bọ̀dá, ṣé kò sí ọgbọ́n tá a lè dá sí i?" Mo ní ó wà: kó fi GCE, ìyẹn WAEC tí èèyàn ń ṣe fúnra rẹ̀ láìsí nílé ìwé, gba Literature, kó wá ṣe JAMB lọ́dún tó ń bọ̀. Tàbí kó lọ ka Accounting ní pólì: ọdún méjì fún ND, ọdún kan níbi iṣẹ́, ọdún méjì fún HND. Tó bá jẹ́ pólì ìjọba, NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, lè yá a lówó ilé ìwé tó bá ti wọlé, wọ́n sì tún lè máa yá a ní ₦20,000 lóṣù fún oúnjẹ.

Bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló wá bá mi. Ká sòótọ́, ọ̀dọ̀ òbí niṣẹ́ yìí wà jù. "Tíṣà, ẹ má bínú o. Gbogbo mọ̀lẹ́bí ló ti ń pè é ní lọ́yà." N kò bá wọn jiyàn. Mo kọ iye ọdún ọ̀nà méjèèjì sórí bébà kan fún wọn, wọ́n ká a sápò.

Nígbà tó yá, wọ́n pè mí. Wọ́n ní àwọn ti fi owó fọ́ọ̀mù GCE pamọ́, ṣé mo mọ tíṣà Literature kan tí kò ní gbówó gọbọi? Mo júwe ẹnì kan fún wọn l'Ókè-Fìà.