Bí ẹ ṣe lè yọ ọ̀dà géètì tó fọ́n sára ọkọ̀, láì bó ọkọ̀ láwọ̀

Bí Iléyá bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ṣòro kí èèyàn rí àdúgbò kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tí wọn ò ti máa kun nǹkan. Àwọn ọmọ ìlú ń bọ̀ wálé fún Ojúde Ọba, tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá, onílé ò sì fẹ́ kí àlejò bá géètì tó ti dípẹtà. Kọ̀m̀púrẹ́sọ̀ á máa dún láti àárọ̀, ọ̀dà á máa tú jáde bí kùrukùru, afẹ́fẹ́ á gbé èyí tí kò lẹ̀ mọ́ géètì kọjá fẹ́ǹsì, ó di orí ọkọ̀ aládùúgbò. Ẹni tó ni ọkọ̀ lè má mọ̀ títí di ọjọ́ kejì tó bá ń fọ̀ ọ́, tí kànrìnkànrìn wá ń ha lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ẹni tó bá gbé ọkọ̀ sí ìtòsí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà ní Ṣágámù tàbí Ìkẹ́nnẹ́.

Tínà, omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà kó lè ṣàn, ló máa kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀. Tínà ò mọ ọ̀dà géètì yàtọ̀ sí ọ̀dà ọkọ̀. Èyí tó bá bá pàdé ló máa rọ̀. Lórí ọkọ̀ tí wọ́n fi cellulose, ọ̀dà àwọn pánẹ́ẹ̀lì-bítà, kùn níbí, ìnù kan ṣoṣo ti tó kí àwọ̀ ọkọ̀ bá aṣọ lọ. Bó bá kan iná iwájú, ike ni, kì í ṣe gíláàsì: ó máa fọ́ tínrín-tínrín, á sì funfun bí ojú tí nǹkan bò, kò ní padà sí bó ṣe wà.

Ọ̀dà wo ló fọ́n?

Ẹ ya fọ́tò ọkọ̀ náà, kí ẹ tọ ẹni tó fín ọ̀dà lọ. Ẹ jẹ́ kí ìjà dúró ná, agolo ọ̀dà lẹ wá wò. “Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀dà wo lẹ fi kun géètì yìí? Ẹ jẹ́ n rí agolo rẹ̀.” Ohun tí wọ́n kọ sára agolo yẹn ló máa sọ bí iṣẹ́ yín ṣe máa pọ̀ tó.

Emulsion, ọ̀dà ògiri tí wọ́n fi omi pò, ló rọrùn jù. Bí kò bá tíì gbẹ, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọkọ̀ á kó o lọ.

Ọ̀dà olóròóró tí wọ́n fi ń kun géètì àti irin wíńdò ni ọ̀gá wàhálà. Kì í tètè gbẹ. Ó ṣì tutù nígbà tó bà lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹ́ síbẹ̀, ó sì lẹ̀ típẹ́típẹ́. Ṣùgbọ́n àìtètè gbẹ yẹn náà ló fún yín láyè. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, aṣọ rírọ̀ tí ẹ rẹ sínú kẹrosíìnì díẹ̀ lè nù ún kúrò. Tó bá ti lo ọ̀sẹ̀ kan nínú oòrùn, kẹrosíìnì nìkan ò ní ká a mọ́.

Cellulose tí àwọn pánẹ́ẹ̀lì-bítà ń lò máa ń gbẹ lójú afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀, nítorí náà bí eruku ló ṣe máa ń jókòó, kì í sì í lẹ̀ púpọ̀. Èyí tí wọ́n po hádínà, èròjà tó ń mú kí ọ̀dà yi, mọ́, tí wọ́n ń pè ní 2K, yàtọ̀ pátápátá. Tó bá ti yi, kò sí nǹkan olómi tó máa yọ ọ́ tí kò ní ba ọ̀dà ìsàlẹ̀ jẹ́. Gbígé tàbí fífá ló kù.

Ọ̀dà wo ló wà nísàlẹ̀?

Tòkunbọ̀ tí ọ̀dà ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ lágbára, torí inú ààrò gbígbóná ni wọ́n ti yan ọ̀dà yẹn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n ti tún kùn níbí kó tó dọ́wọ́ ẹni tó rà á. Ẹ kán tínà ẹyọ kan sórí òwú funfun, kí ẹ fi ra ibi tó pamọ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 5. Bí àwọ̀ bá yọ sí òwú, ọ̀dà tí kò ní hádínà ni. Tínà àti ohunkóhun tó jọ ọ́ di èèwọ̀ fún ọkọ̀ náà. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, lóde, ni kí ẹ ti dán an wò. Inú ẹnu ilẹ̀kùn máa ń tanni jẹ: wọ́n lè kun ìta kí wọ́n fi ti ilé iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ tún rántí pé ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń dán, tó wà lókè pátápátá, kò ju bí ìdajì sisanra ìwé kan lọ. Gbogbo ohun tí ẹ bá fi fá ọkọ̀, inú ìdajì ìwé yẹn lẹ ti ń ná an.

Iṣẹ́ fúnra rẹ̀

Abẹ́ ibòji ni, láàárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan irin. Bó bá ṣì gbóná, ẹ ní sùúrù. Ẹ fọ ọkọ̀ tinútìta kí yanrìn kankan má ṣẹ́ kù, torí yanrìn yẹn ni amọ̀ tí ẹ máa fi yọ ọ̀dà máa kó tí á fi máa ya ọkọ̀ lára. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, ẹ ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá búrẹ́dì, kí ẹ rọra fi ìka fa orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, òrùlé àti ilẹ̀kùn. Ibi tó mọ́ á máa yọ̀. Ibi tí ọ̀dà wà á dà bí tábìlì tí gààrí Ìjẹ̀bú dà sí. Ẹ fi téèpù sàmì síbẹ̀.

Ohun tí ẹ máa lò ni clay bar, amọ̀ rírọ̀ tí wọ́n ṣe fún ojú ọ̀dà ọkọ̀. Gíráàmù 100 tó fún ọkọ̀ kan. Èyí tí kò le ni kí ẹ rà. Èyí tó le máa ń fi ìlà sílẹ̀. Ẹ gé e sí mẹ́ta, torí bí èyí tó wà lọ́wọ́ yín bá jábọ́ sílẹ̀, ó ti di ìdọ̀tí nìyẹn, ẹ má fọ̀ ọ́ lò.

Ẹ po mílílítà 10 ọṣẹ ìfọkọ̀ mọ́ omi lítà 1, kí ẹ rọ ọ́ sínú ike tó ń fín omi. Ọṣẹ ẹlẹ́bú tí a fi ń fọ aṣọ kò dáa, ó máa ń jẹ́ kí amọ̀ fọ́ wẹ́wẹ́. Ẹ tẹ amọ̀ pẹlẹbẹ nínú àtẹ́lẹwọ́, ẹ fín omi ọṣẹ sí ibi tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú àti lóròó, ẹ fín díẹ̀ sí amọ̀ náà, kí ẹ wá máa fà á lọ fà á bọ̀ lórí ìlà tààrà. Ẹ má yí i po bí ẹni ń lọ ata. Ẹ má sì tẹ̀ ẹ́. Ìwúwo ìka ti tó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ á máa ha, ẹ ó gbọ́ ọ. Tó bá ti dákẹ́, tó ń yọ̀, ibẹ̀ ti mọ́. Ẹ nù ún pẹ̀lú aṣọ microfibre, kí ẹ fi ọ̀rá búrẹ́dì yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí amọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọkọ̀, omi ò tó tàbí irin ti gbóná. Nígbà ọyẹ́, omi yẹn á máa gbẹ kí ẹ tó ṣẹ́jú, ẹ máa fín in léraléra. Ojú amọ̀ tó bá ti kó ọ̀dà, ẹ ká a sínú, kí ẹ tẹ ojú tuntun jáde. Àìká amọ̀ yìí ló ń fa ìlà tínrín-tínrín tí oòrùn ń fi hàn lára ọkọ̀ dúdú.

Èyí tó bá ṣorí kunkun nínú ọ̀dà olóròóró, ẹ fi white spirit, omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà olóròóró, rin aṣọ, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú 1, ẹ nù ún, ẹ fi ọṣẹ ṣan ibẹ̀ kíákíá, kí ẹ padà sórí amọ̀. Bẹntiróòlù? Rárá o, pàápàá níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ 2K ló kọ̀, rubbing compound, ìpara tó ń fá ojú ọ̀dà, ló kàn, kí ẹ sì yàgò fún etí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti gbogbo ibi tí irin ti ṣẹ́ igun, torí ibẹ̀ ni ọ̀dà ti fẹ́lẹ́ jù. Sánpépà 2000 àti 3000 tí wọ́n fi omi lò, iṣẹ́ ẹni tó ní ẹ̀rọ pólíìṣì ni. Owó tí ẹ máa san fún un kò tó owó kíkun bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Gíláàsì rọrùn: bíléèdì tuntun, omi ọṣẹ púpọ̀, kí bíléèdì dùbúlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì máa tì í síwájú nìkan. Òde gíláàsì o. Inú ni tíńtì àti wáyà tó ń yọ ìrì wà. Iná iwájú, amọ̀ àti omi nìkan. Ike dúdú bọ́ńpà àti rọ́bà ẹ̀gbẹ́ gíláàsì kì í gba amọ̀, ńṣe ló máa ń há sínú ihò wọn. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ tí ẹ ki bọ white spirit díẹ̀ ló wà fún wọn, kí ẹ sì fi omi ṣàn án lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Amọ̀ ti kó wáàsì tó wà lára ọkọ̀ lọ, nítorí náà ẹ fi pólíìṣì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa á, kí ẹ wá fi wáàsì lé e lọ́jọ́ náà gan-an. Amọ̀ tó kù, ẹ fín omi ọṣẹ sí i, kí ẹ dé e mọ́ inú ike rẹ̀ kó má gbẹ. Ẹ ó tún lò ó nígbà Iléyá tó ń bọ̀.