Ewé tó gbóná, tí kò jóná

Bí ewé bá ti jó, ọ̀dà dúdú (tar) àti carbon monoxide, gáàsì olóró, dé nìyẹn. Ohun tí èmi ń sá fún nínú sìgá gan-an nìyí. Ẹ̀rọ fépọ́ráísà kàn ń mú ewé gbóná ni, títí òróró olóòórùn inú rẹ̀ yóò fi di oru tí à ń fà sínú.

Ẹ rún ewé gbígbẹ, ẹ má lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ má sì kì í mọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ráyè kọjá. 130°C ni mo ń gbé ẹ̀rọ náà sí fún ewé igi yukalíptọ́ọ̀sì. Tó bá kọjá 230°C, ìjóná ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ rọra fa oru náà, bí ẹni ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Ewé tó dúdú kirikiri ti jó, ẹ dà á nù. Èéfín ló lọ o, ewu kò tán: kí ẹni tó ní ikọ́ fée má tilẹ̀ dán an wò.