Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ àdúgbò: ẹ má sáré bu fáìnì

Èmi gan-an ni mo dábàá fáìnì ₦500 ní ìpàdé onílé wa, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Àwọn èèyàn ò jáde wá kó gọ́tà lọ́jọ́ gbálẹ̀gbáta mọ́, inú sì ń bí mi. Nígbà tí Sátidé gbálẹ̀gbáta tó tẹ̀ lé e pé, bàbá kan na ₦500 sí mi láti ẹnu géètì: “Akọ̀wé, bá mi máàkì ẹ̀ sílẹ̀.” Wọ́n padà wọlé lọ sùn. Tẹ́lẹ̀, bí wọn ò bá ráyè, wọn á rán ọmọ wọn pẹ̀lú ṣọ́bìrì, wọn á tún wá bẹ̀ wá nírọ̀lẹ́. Wọ́n ti fi ₦500 ra oorun wọn báyìí, ojú ò tì wọ́n mọ́.

Àwa kọ́ ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí. Ní Haifa, ní Ísírẹ́lì, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Uri Gneezy àti Aldo Rustichini, ṣèwádìí irú nǹkan yìí ní ilé ìtọ́jú ọmọdé 10, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2000. Níbi tí wọ́n ti bu fáìnì lé òbí tó bá pẹ́ wá mú ọmọ, apẹ́lẹ́yìn pọ̀ sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Wọ́n fagi lé fáìnì náà, apẹ́lẹ́yìn ò dín. Ibẹ̀ ló bà mí lẹ́rù jù.

Owó táṣẹ́rẹ́ tí ẹ bá san fún ẹni tó wá ṣiṣẹ́ náà ń kó bá iṣẹ́. Àwọn olùwádìí méjèèjì yìí tún wo àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń tọrọ owó àánú láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn tí wọ́n ṣèlérí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó náà fún kó dín sí ti àwọn tí kò gba kọ́bọ̀. Bí ẹ bá máa sanwó, ẹ kúkú gba lébìrà.

Ẹ má sì pe oúnjẹ ọ̀wẹ̀ ní owó iṣẹ́ o. Ẹni tó bá ọ kan òrùlé, tó jẹ àmàlà àti gbẹ̀gìrì nílé rẹ, ọjọ́ tirẹ̀ ń bọ̀, o ò sì ní ṣàì lọ. Tí o bá ki ẹgbẹ̀rún kan náírà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ẹ ò jẹ ara yín ní nǹkan kan mọ́ nìyẹn.

Ti kí wọ́n máa fi máìkì ka orúkọ ẹni tó dáwó níbi ìkówójọ àdúgbò, olówó nìkan ló ń dùn mọ́. Ìyá alákàrà tó mú ₦300 dání á gba ẹ̀yìn kánópì lọ sílé.

A ti fagi lé fáìnì wa. Ojúlé méjì tó dojú kọra ló ń pín gọ́tà kó báyìí, torí ó ṣòro láti sùn nígbà tí aládùúgbò ẹni ń gbọ́n ẹrẹ̀ níwájú géètì ẹni. Àwọn kan ti ń padà wá. Bàbá ₦500 ò tíì wá.