ADHD: Bí A Ṣe Lè Dá A Mọ̀, àti Bí A Ṣe Lè Gba Ìtọ́jú Tó Ní Ètò

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ADHD (ìkékúrú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, Attention-Deficit/Hyperactivity Disorder) ni wọ́n ti pè ní ọ̀lẹ tàbí aláìgbọ́ràn fún ọdún púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú pé ọ̀rọ̀ ìlera ni. Orúkọ burúkú yẹn kò tọ́ sí wọn rárá. ADHD jẹ mọ́ bí ọpọlọ ṣe ń dàgbà: ó máa ń ṣòro fún ẹni tó ní in láti pa ọkàn pọ̀ sójú kan, láti jókòó jẹ́ẹ́, tàbí láti kó ara rẹ̀ níjàánu kó tó sọ̀rọ̀ tàbí kó tó ṣe nǹkan. Ó máa ń rìn nínú ẹbí, kì í sì í ṣe àìkọ́mọ dáadáa ló ń fà á. Láti ọdún 1902 ni George Still, dókítà àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń ṣàpèjúwe àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ wọn jọ èyí.

Ẹ wo ọmọ tó jókòó ti iṣẹ́ àṣetiléwá. Ó kọ ìlà méjì, pẹ́ńsùlù bọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, ojú rẹ̀ bá okùn bàtà, ó sì ń fi okùn náà ṣeré. Nígbà tí ìyá rẹ̀ máa fi wọlé padà, ìlà kejì náà ló ṣì wà. Ọmọ yìí kan náà lè jókòó wákàtí méjì sídìí eré tó wù ú, ìyẹn ló sì ń mú kí àwọn àgbà máa sọ pé, “Tó bá fẹ́, ó lè ṣe é.” Àmọ́ ìfẹ́ kọ́ ló kù: ọkàn rẹ̀ ni kò rọrùn fún un láti darí.

Gbogbo ẹni tó ń gbàgbé nǹkan kọ́ ló ní ADHD. Gẹ́gẹ́ bí DSM-5, ìwé ìlànà tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ṣe láti fi dá irú ìṣòro báyìí mọ̀, tó jáde ní 2013, àmì mẹ́sàn-án ló wà fún àìpọkànpọ̀, mẹ́sàn-án mìíràn sì wà fún àìjókòósójúkan àti ìwàǹwára. Ọmọdé gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán 6 nínú ọ̀kan lára ọ̀wọ́ méjèèjì; ẹni tó ti tó ọdún 17 gbọ́dọ̀ ní 5. Àwọn àmì náà ti gbọ́dọ̀ wà fún oṣù 6, kí díẹ̀ nínú wọn ti hàn kó tó pé ọmọ ọdún 12, kí wọ́n máa hàn ní ibi méjì ó kéré tán, bí ilé àti ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n sì máa dí ìgbé ayé onítọ̀hún lọ́wọ́. Àwọn ọmọbìnrin tó jókòó jẹ́ẹ́ ṣùgbọ́n tí ọkàn wọn kò sí níbẹ̀ ni a sábà máa ń fojú fò dá, torí pé wọn kì í da kíláàsì rú.

Kí ẹ tó lọ rí dókítà, ẹ kọ nǹkan sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lójú tèmi, ìgbésẹ̀ yìí ló wúlò jù, òun náà sì ni àwọn ènìyàn máa ń fò. Ẹ má kọ “kì í gbọ́ràn”. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ìgbà tó ṣẹlẹ̀, àti bó ṣe pẹ́ tó. Ẹ kó àwọn ìwé èsì ilé ẹ̀kọ́ dání, pàápàá ibi tí olùkọ́ ti kọ ọ̀rọ̀ sí. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ni, kí ó wá ẹni tó mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ẹ tún kọ bó ṣe ń sùn, àwọn oògùn tó ń lò, àti bóyá àrùn ọkàn wà nínú ẹbí, torí pé èyí kan yíyan oògùn.

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí àwòrán ọpọlọ tó lè fi ADHD hàn fúnra rẹ̀. Dókítà tó mọṣẹ́ yóò béèrè ìbéèrè púpọ̀, yóò sì wò ó bóyá àìgbọ́ròó dáadáa, àìsùntó, àníyàn tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6, kíkọ́ àwọn òbí bí wọ́n ṣe máa darí rẹ̀ ló sábà máa ń ṣáájú. Fún àwọn tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, a lè fi oògùn kún un. Àwọn oògùn bíi methylphenidate máa ń mú kí dopamine àti noradrenaline, àwọn kẹ́míkà tí ọpọlọ fi ń gbé ìsọfúnni kiri, ṣiṣẹ́ dáadáa sí i nínú ọpọlọ. Ìwọ̀n kékeré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọn á sì máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Oúnjẹ lè má wu ẹni tó ń lò ó, oorun sì lè ṣòro, nítorí náà kí wọ́n máa wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ìwúwo rẹ̀, kí wọ́n sì máa wọn gíga ọmọdé. Atomoxetine, oògùn ADHD mìíràn, ní tirẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ má tìtorí pé ẹ kò rí àyípadà lọ́jọ́ kẹta dá a dúró.

Ẹ bá dókítà yan ohun méjì péré tí ẹ fẹ́ kó yí padà, kí ẹ sọ wọ́n lọ́nà tí a lè kà: kí iṣẹ́ àṣetiléwá parí ní ọjọ́ mẹ́rin nínú márùn-ún, fún àpẹẹrẹ. Ẹ máa sàmì sí i lójoojúmọ́, kí ẹ sì mú ìwé náà lọ nígbà tí ẹ bá padà lọ. Bí oògùn àkọ́kọ́ kò bá bá a lára mu, ìwé yẹn ni dókítà máa wò kó tó yí ìwọ̀n padà tàbí kó gbìyànjú òmíràn.